Kí Ló Ń Mú Kí Ẹyin Bíbọ̀ Kan Bó Wọ́ọ́rọ́wọ́, Tí Òmíràn Ń Bá Èèpo Lọ?

Ìgòlò wà ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ní Ifangni, ní ẹkùn Plateau. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ wá ti kan ẹnubodè. Bí èèyàn bá ré e kọjá, Ìdírókò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló bọ́ sí. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró de aṣọ́bodè, ẹni tó ń ta nǹkan jíjẹ kì í wọ́n níbẹ̀, ẹyin bíbọ̀ sì wà lára ohun tí èrò ọkọ̀ ń rà, nítorí pé kò gba àwo, kò gba ṣíbí. Ẹlẹ́yin á fọ́ èèpo, á bó o, á là á sí méjì, á bu ata gígún oníyọ̀ sí àárín rẹ̀, oníbàárà á sì máa jẹ ẹ́ lọ.

Bí ẹyin bá gbà fún un, wéré ni. Èèpo á ṣí ní ẹ̀là méjì tàbí mẹ́ta, ẹyin á sì jáde lódindi, ara rẹ̀ á máa dán. Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí èèpo á máa já ní wẹ́wẹ́, tí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan á máa bu funfun ẹyin mọ́ra, títí ẹyin náà á fi rí jágajàga. Oníbàárà á fojú burúkú wò ó, ọkọ̀ á sì fẹ́ máa lọ. Bẹ́ẹ̀, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bọ ẹyin méjèèjì. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀?

Àwọn kan á ní èèpo rẹ̀ ló le jù. Àwọn mìíràn á ní oúnjẹ tí adìẹ jẹ ni, tàbí pé ẹni tó bọ̀ ọ́ kò fi iyọ̀ sí omi. Ọ̀ràn náà kò sí lára èèpo rárá. Àárín èèpo àti funfun ló wà, ohun méjì ló sì ń darí rẹ̀: iye ọjọ́ tí ẹyin ti lò láti ìgbà tí adìẹ ti yé e, àti bí ooru iná ṣe kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wà lábẹ́ èèpo

Láti inú ni adìẹ ti ń mọ ẹyin bọ̀ wá síta. Pupa ẹyin ló kọ́kọ́ já kúrò níbi tó ti dàgbà, tó sì bọ́ sínú ọ̀nà gígùn kan nínú adìẹ. Bó ṣe ń rìn lọ ni funfun ń wé mọ́ ọn. Lẹ́yìn funfun ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì bò ó, èèpo ló sì gbẹ̀yìn. Èèpo yìí ló ń gba àkókò jù: nínú bíi wákàtí 24 sí 26 tí ẹyin kan fi ń di odindi, nǹkan bíi wákàtí 20 ló ń lò níbi tí èèpo ti ń dì mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí adìẹ kì í fi í sábà yé ju ẹyọ kan lọ lóòjọ́.

Ohun tí adìẹ fi ń ṣe èèpo ni kálísíọ́mù kábónéètì. Ohun kan náà ló pọ̀ jù nínú òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Onígbólò, lágbègbè Pọ́bẹ̀, láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó le lóòótọ́, àmọ́ kò ní ohunkóhun tí yóò fi di funfun mú, nítorí pé funfun kò kan èèpo níbì kankan. Awọ méjì tí a sọ yẹn ló dá wọn lágbedeméjì. A ó pe ọ̀kan ní awọ òde, èyí tó lẹ̀ mọ́ èèpo, a ó sì pe èkejì ní awọ inú, èyí tó yí funfun ká. Awọ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ara wọn yíká, àfi níbì kan ṣoṣo, ìyẹn ìdí ẹyin tó fẹ̀.

Bí adìẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin, ẹyin náà gbóná tó ara adìẹ fúnra rẹ̀, bíi 41°C. Bó bá ti ń tutù, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sún kì, afẹ́fẹ́ á sì gba ihò èèpo wọlé láti dí àyè tó ṣí sílẹ̀. Ìdí tó fẹ̀ ni awọ méjèèjì ti máa ń pínyà, tí afẹ́fẹ́ á sì jókòó sáàárín wọn. Ẹ jẹ́ ká pe ibẹ̀ ní yàrá afẹ́fẹ́. Ẹ fọ́ ẹyin tútù kan, kí ẹ da ohun inú rẹ̀ sí àwo, kí ẹ wá wo inú èèpo ní apá ìdí. Ẹ óò rí awọ funfun kan tó nà síbẹ̀, tí kò kan èèpo. Ẹ fi èékánná gbé e: awọ inú nìyẹn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ bíbó ẹyin dá lórí awọ inú yìí. Bó bá tẹ̀lé èèpo lọ, ẹyin á jáde láìlábàwọ́n. Bó bá di funfun mú, bí èèpo ṣe ń jáde ni funfun ń ya tẹ̀lé e. Ìbéèrè wa wá di èyí: kí ló ń mú kí funfun di awọ inú mú?

Ẹyin ń mí

Ihò wà lára èèpo ẹyin. Wọ́n kéré débi tí ojú kò lè rí wọn dáadáa, wọ́n sì pọ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lára ẹyin kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ọmọ adìẹ máa ń gbà mí bí ẹyin bá jẹ́ èyí tí wọ́n sàba lé. Ẹyin tí kò ní ọmọ nínú pàápàá ń gba ibẹ̀ tú nǹkan síta. Omi díẹ̀díẹ̀ ń gbẹ kúrò nínú rẹ̀, yàrá afẹ́fẹ́ sì ń fẹ̀ sí i. Àmọ́ èyí tó kàn wá jù ni afẹ́fẹ́ kábọ́nì, irú èyí tí àwa náà ń mí síta. Ó ti yòrò sínú funfun láti inú ara adìẹ. Òun ló fà á tí funfun ẹyin tuntun kì í fi í mọ́ kedere, tó máa ń ṣú díẹ̀. Láti wákàtí tí ẹyin ti bọ́ sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń jò jáde.

Bó ṣe ń jò, funfun ń yí padà. Kí èyí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mọ òṣùwọ̀n kan tí àwọn onímọ̀ fi ń wo bí nǹkan ṣe kan sí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní òṣùwọ̀n ìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14. Omi tó mọ́ gaara wà ní àárín, lórí 7. Ohun tó bá kan wà nísàlẹ̀ 7: omi ọsàn wẹ́wẹ́, omidùn tó ti kan. Ohun tó bá jọ omi kán-ún tàbí omi eérú wà lókè 7. Afẹ́fẹ́ kábọ́nì tó bá yòrò sínú omi máa ń mú kí omi náà kan díẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó ṣì wà nínú funfun, ńṣe ló ń fà á sísàlẹ̀. Funfun ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára adìẹ máa ń wà ní bíi 7.6 sí 7.9. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ti jò lọ, funfun á gòkè lọ sí ìhà kán-ún, á kọjá 9.

Kí ló kan bíbó ẹyin nínú ìyẹn? Bí a bá pín funfun ẹyin sí ọgọ́rùn-ún, bíi 88 jẹ́ omi, bíi 10 sì jẹ́ purotéènì. Purotéènì jẹ́ okùn wínníwínní tó ká jọ. Nínú ẹyin tútù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń léfòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdí nìyẹn tí funfun fi ń ṣàn. Bí iná bá kàn wọ́n, okùn náà á tú, wọ́n á sì lọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n á há omi mọ́ àárín. Bí ẹyin ṣe ń dì nìyẹn. Àmọ́ awọ inú náà, okùn purotéènì ni wọ́n fi hun ún. Bí okùn funfun bá ti ń tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tó ní kí wọ́n má lọ́ mọ́ òun náà.

Ibi tí òṣùwọ̀n ìkan ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Nígbà tí òṣùwọ̀n náà wà nísàlẹ̀, bíi ti ẹyin òní, funfun máa ń di awọ inú mú gan-an. Bó bá ti gòkè sí ìhà kán-ún, agbára iná mànàmáná irú kan náà á pọ̀ sí i lára àwọn okùn purotéènì, ohun tó bá sì ní irú agbára kan náà máa ń ti ara wọn. Ìdìmú àárín funfun àti awọ inú á wá rọ̀, awọ á sì lè tẹ̀lé èèpo lọ.

Àwọn onímọ̀ nípa adìẹ ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1959, M. H. Swanson kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Poultry Science lórí ìṣòro bíbó ẹyin tuntun àti ẹyin tí wọ́n ti fi nǹkan pa èèpo rẹ̀. Nígbà náà, àwọn olówò ẹyin ní Amẹ́ríkà a máa fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ pa ẹyin lára kí ihò rẹ̀ lè dí, kó má baà tètè gbó. Òróró yẹn há afẹ́fẹ́ kábọ́nì mọ́ inú, funfun kò sì lè gòkè lórí òṣùwọ̀n. Ẹyin náà wà ní tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíbó rẹ̀ di wàhálà.

Ooru ilẹ̀ wa

Ooru máa ń mú kí afẹ́fẹ́ kábọ́nì tètè jò. Ní ibi tí wọ́n ti ń kó ẹyin sínú fíríìjì láti oko dé ilé, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹyin tó di èyí tó ń bó dáadáa. Ní Ìfọ̀nyìn, orí tábìlì tàbí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni kiréètì ẹyin máa ń wà, nínú ooru ojoojúmọ́. Ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìjì di ti ọjọ́ mélòó kan péré níbí.

Èyí túmọ̀ sí pé ẹlẹ́yin tó lọ ra ẹyin lóko ní kùtùkùtù, tó sì gbé e kaná lọ́jọ́ náà gan-an, ló ń kó sí wàhálà jù. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣà lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra ẹyin tó ti wọ ọkọ̀, tó ti sùn ní ìsọ̀ alágbàtà, tó tún sùn nílé rẹ̀ kó tó bọ̀ ọ́, kò ní rí ìjà kankan. Àwọ̀ èèpo kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀dà lásán ni adìẹ fi parí iṣẹ́ lórí èèpo pupa. Ẹyin ẹtù náà, bí èèpo rẹ̀ ṣe nípọn tó, awọ inú ló ní, òfin kan náà ló sì ń tẹ̀ lé. Àtifọ́ rẹ̀ ló le. Àtibó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ àti iná.

Bí ooru ṣe pàdé ẹyin

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń to ẹyin sínú omi tútù, kí wọ́n tó gbé e kaná. Omi á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, funfun tó sún mọ́ awọ inú náà á sì máa gbóná díẹ̀díẹ̀. Oríṣiríṣi purotéènì ló wà nínú funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìgbà tirẹ̀. Àwọn kan ti ń tú láti bíi 61°C; èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní dì dáadáa títí ooru á fi dé bíi 80°C. Bí iná bá lọ́ra, okùn tó kọ́kọ́ tú á ní àyè tó pọ̀ láti wọnú awọ inú, kí wọ́n sì so mọ́ ọn kí ìyókù tó dì.

Bó bá jẹ́ inú omi tó ti ń hó ni ẹyin bọ́ sí, ọ̀rọ̀ yí padà. Ooru á kọlu funfun etí lẹ́ẹ̀kan náà, okùn rẹ̀ á tú, wọ́n á gbá ara wọn mú lójijì, wọ́n á sì sún kì sínú kí wọ́n tó ráyè di awọ mú. Ẹni tó bá ti dín ẹyin rí ti rí ohun kan náà yìí lójú páànù. Ẹyin tó bọ́ sínú páànù tútù, tí wọ́n wá tan iná sí lábẹ́, máa ń lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Èyí tó bọ́ sínú òróró tó ti gbóná máa ń wú sókè, kì í sì í gbá páànù mú. Irin ló wà níbẹ̀, awọ ló wà níbí. Funfun kan náà ni.

J. Kenji López-Alt, òǹkọ̀wé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, ti bọ ẹyin lọ́nà oríṣiríṣi láti mọ èyí tó ṣe é jù. Ohun tó rí ni pé bíbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù tàbí omi gbígbóná ló ń pinnu bíbó ju ohun mìíràn lọ nínú gbogbo ohun tí alásè lè ṣe. Oru omi náà ń ṣiṣẹ́ bí omi híhó: ẹ da omi díẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ to igi sí ìdí rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe fún mọ́ínmọ́ín, ẹ jẹ́ kó hó, kí ẹ tó to ẹyin lé igi náà, kí ẹ sì dé e.

Ohun kan wà tí ẹlẹ́yin ní láti ṣọ́ra fún. Bó bá da kiréètì odindi, ọgbọ̀n ẹyin, sínú omi híhó tí kò pọ̀, híhó náà á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ooru á sì tún máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó ti padà sí omi tútù láìmọ̀ nìyẹn. Kó gbé omi tó pọ̀ kaná, tàbí kó máa fi ẹyin sí i ní ìwọ̀nba, kí híhó má baà dúró.

Ẹyin ha lè là bó bá bọ́ sómi híhó? Ó lè là, pàápàá èyí tó ti inú fíríìjì bọ́ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú yàrá afẹ́fẹ́ máa ń fẹ̀ bó bá gbóná. Ẹ óò rí i tó ń yọ hóró-hóró láti ìdí ẹyin. Bí kò bá rí ọ̀nà tètè jáde, èèpo á là. Ẹyin tó ti wà nínú ooru ilé kì í tètè là tó ti fíríìjì. Ẹ fi ṣíbí ọbẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ẹ má jù ú sínú omi. Ìṣẹ́jú 11 sí 12 ti tó fún ẹyin tó fẹ́ dì tán. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin inú pupa àti sọ́fọ̀ inú funfun á pàdé, etí pupa á di àwọ̀ ewé. Kò lè pa èèyàn lára, àmọ́ ojú kì í fẹ́ ẹ.

Omi tútù lẹ́yìn iná

Ẹ wo ẹ̀kọ. Bí a bá tú u ní gbígbóná, á lẹ̀ mọ́ ewé. Bí a bá jẹ́ kó tutù, kó dì, á sún kì díẹ̀, ewé á sì ṣí kúrò lára rẹ̀ láìbù ú. Ẹyin bíbọ̀ náà á sún kì bó bá bọ́ láti inú iná sínú omi tútù, funfun rẹ̀ á sì le tó láti kọ̀ yíya. Ipa èyí kò tó ti omi híhó àkọ́kọ́, àmọ́ ó ń ranni lọ́wọ́, ó sì ń jẹ́ kí ọwọ́ lè gba ẹyin.

Omi yẹn gbọ́dọ̀ mọ́ tó èyí tí a lè mu. Bí ẹyin ṣe ń sún kì, ó ń gba ihò èèpo fa omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọlé, bó ṣe fa afẹ́fẹ́ wọlé nígbà tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Omi tí wọ́n ti fi fọ ọwọ́ tàbí àwo kò yẹ kó sún mọ́ ọn.

Bí ẹ bá fẹ́ bó o, ìdí tó fẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, awọ inú kò sì lẹ̀ mọ́ èèpo, èékánná á lè wọ abẹ́ rẹ̀. Awọ ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe èèpo: bí awọ bá ti ṣí, òun fúnra rẹ̀ á kó èèpo lọ. Bí ẹ bá ń bó o nínú omi, omi á wọ abẹ́ awọ, á máa yà á kúrò lára funfun.

Iyọ̀, ọsàn àti kán-ún

Iyọ̀ inú omi dára fún ẹyin tó là: ó ń mú kí funfun tó fẹ́ jò jáde tètè dì. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú awọ inú. Ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà máa ń jẹ èèpo. Ẹ óò rí i tó ń hó lára ẹyin. Àmọ́ èèpo kọ́ ni ọ̀tá wa, ohun kíkan sì ń fa òṣùwọ̀n sí ibi tí a kò fẹ́. Kán-ún ń fà á sí ibi tí a fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la èèpo àti awọ méjì kọjá, ìṣẹ́jú mélòó kan lórí iná kò sì tó fún un láti ṣe ohun tí ọjọ́ mélòó kan lórí tábìlì ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó yẹ kí olùrà àti olùtà mọ̀

Ẹyin tó rí jágajàga lọ́wọ́ ẹlẹ́yin Ìgòlò kì í ṣe ẹyin burúkú. Bó bá jẹ́ pé omi híhó ni wọ́n fi bọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun gan-an ló tuntun jù nínú igbá. Ojú olùrà ló ń bá a jà.

Àmọ́ ká má torí pé ẹyin tó gbó díẹ̀ ń bó dáadáa ká wá máa jẹ èyí tó ti bàjẹ́. Kí ẹ tó gbé e kaná, ẹ fi ẹyin sínú omi. Èyí tó dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Èyí tó nàró nísàlẹ̀ omi ti lo ọjọ́ díẹ̀, yàrá afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀; òun ló dára fún bíbọ̀. Èyí tó léfòó ti pẹ́ jù, ẹ yà á sọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jinná, ẹ fi í sílẹ̀ nínú èèpo títí olùrà á fi dé, nítorí pé ẹyin tí a ti bó, tó wà nínú ooru àti eruku ọ̀nà, ti di oúnjẹ fún kòkòrò àìfojúrí. Èyí tó bá kù lálẹ́, tí kò sí fíríìjì fún, kò yẹ kó di títà lọ́la.

Fún ẹni tó ń ra ẹyin ní kiréètì, ọ̀nà àbáyọ rọrùn: kó kọ ọjọ́ tó rà á sí ara páálí. Kiréètì tuntun ni kó fi máa dín, nítorí pé funfun rẹ̀ ṣì ki, kò ní tàn káàkiri páànù. Èyí tó ti wà nílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kó fi máa bọ̀, nínú omi tó ti ń hó.